Ta ló ti wa mọ́tò ara rẹ̀ láti Èkó lọ Àjàṣẹ́ àti Kútọnu rí? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Bàbá Ìbejì, Ìkòròdú:
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Sátidé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí òní ni àwọn àna mi ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo nílẹ̀ Benin, fẹ́ sin ìyá wọn. Èmi, ìyàwó mi àtàwọn ìbejì la jọ ń lọ. Tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ èrò la máa ń wọ̀ dé ibodè Sẹ̀mẹ̀, ká sọdá, ká tún wọ òmíràn lódìkejì. Lọ́tẹ̀ yìí ẹrù ti pọ̀ jù, mo fẹ́ gbé Corolla lọ. Tí òkú bá wọlẹ̀ tán, àwọn ọmọ fẹ́ dé Kútọnu.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wa mọ́tò, Road Safety ò tíì já ìwé fún mi rí. Ọwọ́ ọ̀tún là ń gbà níbí, ọwọ́ ọ̀tún náà ni wọ́n ń gbà lọ́hùn-ún, mo wá gbà pé bákan náà ni gbogbo ẹ̀. Ìgbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀ fún àbúrò ìyàwó mi lórí fóònù, ṣe ló bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bùrọ̀dá, ẹ ṣáà máa bọ̀.” Ẹ̀rín yẹn ló lé mi wá síbí. Ìwé wo ni wọ́n ń béèrè? Òfin wo ló yàtọ̀? Ọkọ̀ ọ̀hún ṣì wà lórúkọ ẹ̀gbọ́n mi o.

Dẹ́rẹ́bà Àgbádárìgì:
Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó àna. Ọ̀nà yẹn ni mo ti ń jẹun. Ìwé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tò, ká tó sọ ti ojú títì. Láísẹ́ǹsì tí ọjọ́ rẹ̀ ò tíì kọjá, ìwé ọkọ̀, páásípọ́ọ̀tù gbogbo yín títí kan àwọn ọmọ, àti yẹ́lò káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Torí orúkọ ẹ̀gbọ́n yín tó wà lórí ọkọ̀, kí wọ́n kọ lẹ́tà pé àwọn ló yọ̀ǹda rẹ̀ fún yín, kí wọ́n buwọ́ lù ú, kẹ́ ẹ sì so ẹ̀dà ìwé ìdánimọ̀ wọn mọ́ ọn. Mo ti rí ẹni tó bú ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lórí fóònù fún wákàtí méjì ní Sẹ̀mẹ̀ torí lẹ́tà yìí.

Inṣọ́ránsì tẹ́ ẹ fi ń rìn l'Ékòó, ẹnu ibodè ló parí sí. Brown Card ti ECOWAS ló ń ṣiṣẹ́ lódìkejì. Kútọnu gan-an ni wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn ẹ̀ lọ́dún 1982. Iléeṣẹ́ tó ṣe inṣọ́ránsì yín ni kẹ́ ẹ lọ bá kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kan tó fa báàgì kọ́ èjìká tà á fún yín lábẹ́ igi.

Tẹ́ ẹ bá sọdá, ẹ yà lọ́dọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù wọn fún ìwé ìgbọ́kọ̀wọlé. “Laissez-passer” ni wọ́n ń pè é. Ẹ tọ́jú ẹ̀, wọ́n á tún béèrè ẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń padà. Àdéhùn ECOWAS fún ọkọ̀ ilé láyè títí di ọjọ́ 90. Tiwa tí à ń gbé èrò, ọjọ́ 15 péré.

Ọmọ Kétu:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Kútọnu ni mò ń gbé, mo sì mọ ohun tó pa àna yín lẹ́rìn-ín. “Priorité à droite” ni. Ohun náà ni mo fi ń dá ará Èkó mọ̀ kí n tó rí nọ́ńbà ọkọ̀ ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá dé oríta tí kò ní iná, tí kò ní àmì kankan, tí ọlọ́pàá ò sì sí níbẹ̀, ẹni tó ń bọ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún yín ló ni ọ̀nà. Ì báà jẹ́ títì ọlọ́dà lẹ wà kóun máa ti inú yẹ̀pẹ̀ jáde bọ̀, ì báà jẹ́ alùpùpù tí èéfín ń bo. L'Ékòó, ẹni tó wà lójú títì ńlá ló ń lọ, àbí ẹni tó kọ́kọ́ ti imú bọ̀ ọ́. Ọmọ tó ń bọ̀ láti ọ̀tún níbí ò ní wo ojú yín rárá. Ó mọ̀ pé ẹ máa dúró. Tẹ́ ẹ bá wá forí gbárí, ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi.

Ibi tó ti le ni àdúgbò inú lọ́hùn-ún ní Àjàṣẹ́, tí oríta so mọ́ oríta, tí ògiri ilé sì sún mọ́ ọ̀nà débi pé ẹ ò ní rí ẹni tó ń bọ̀ àfi tí imú ọkọ̀ bá yọ. Ẹ gbé ẹsẹ̀ sórí bíréèkì, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀tún.

Tẹ́ ẹ bá rí àmì yẹ́lò onígun mẹ́rin tó fi igun kan dúró, ẹ̀yin lẹ ni ọ̀nà títí ẹ ó fi rí i tí wọ́n fàlà gbá a. Ti ráńdábáòtù náà wà ńbẹ̀: ní Nàìjíríà, ẹni tó ti wà nínú ẹ̀ la ń dúró fún. Níbí, ẹ wo ẹnu ẹ̀. Tí àmì onígun mẹ́ta tó dorí kodò bá wà, ẹ dúró. Tí kò bá sí, ẹni tó ń wọlé láti ọ̀tún ló ń lọ.

Bàbá Ìjẹ̀bú:
Ẹ̀yin ọmọdé ń jayé. Kó tó di 2 April 1972, ọwọ́ òsì là ń gbà ní Nàìjíríà. Tèèyàn bá ti kọjá Ìdí-Ìrókò, ó gbọ́dọ̀ sún sí ọ̀tún, kó sì tún sún padà lọ́jọ́ tó bá ń bọ̀ wálé. Ẹ bi àwọn bàbá yín.

Ọkọ̀ Kò Gbọdọ̀ Dúró:
Gbogbo gírámà yìí pọ̀ jù. Ẹ ká ẹgbẹ̀rún kan sẹ́fà, owó wọn, sínú páásípọ́ọ̀tù, ọ̀nà á là.

Ìyá Aláṣọ:
Àbúrò, má ti Bàbá Ìbejì sí wàhálà. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ná ọjà Tọ̀kpá, owó inú páásípọ́ọ̀tù ló máa ń sọ fún wọn pé ìwé rẹ ò pé. Lọ́jọ́ kan, aláṣọ iṣẹ́ kan mú dẹ́rẹ́bà mi nídìí iná ojú títì torí fóònù tó gbé sétí. Ó jẹ̀bi, mi ò jiyàn. Ọkùnrin náà dá iye kan, mo ní kó já rìsíìtì fún mi. Ó wojú mi títí, ó sì dá láísẹ́ǹsì padà. Bàbá Ìbejì, ẹ rẹ ohùn sílẹ̀, ẹ kí wọn ní “bonjour” kẹ́ ẹ tó sọ ohunkóhun. Tí ẹ bá ń ti Àjàṣẹ́ lọ Kútọnu, ẹ ní ṣéńjì sẹ́fà lọ́wọ́ fún ibi tí wọ́n ti ń gbowó ọ̀nà ní Ekpè.

Ọmọ Kétu:
Ìyá Aláṣọ, ẹ ṣé. Mo gbàgbé àwọn zem, ọlọ́kadà wa, aláṣọ yẹ́lò. Ní títì ńlá Kútọnu, wọ́n la ọ̀nà tiwọn sí ẹ̀gbẹ́, ọkọ̀ ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́, ì báà ṣe gosílóò ló wà níwájú yín. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ yà sọ́tùn-ún, ọ̀nà àwọn zem lẹ máa gbà kọjá, ẹ wo díńgí ẹ̀gbẹ́ dáadáa. Ìwọ̀n eré nínú ìlú ò yàtọ̀ sí ti Nàìjíríà, kìlómítà 50 ní wákàtí kan náà ni. Pátákó tó kọ orúkọ ìlú ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, èyí tí wọ́n fi ìlà pupa rẹ́ orúkọ náà ló parí ẹ̀.

Bàbá Ìbejì, Ìkòròdú:
Orí yín á pé o. Ẹ̀gbọ́n mi ti kọ lẹ́tà. Dẹ́rẹ́bà, tí mo bá gbá ẹnìkan, ṣé Brown Card máa tún Corolla tèmi náà ṣe?

Dẹ́rẹ́bà Àgbádárìgì:
Rárá o. Ẹni tẹ́ ẹ gbá ló wà fún. Corolla dọwọ́ yín. Tó bá sì ṣẹlẹ̀, ẹ má fọwọ́ ara yín parí ẹ̀ lẹ́bàá títì. Ẹ gba ìwé ọlọ́pàá.

Bàbá Ìbejì, Ìkòròdú:
A ti dé láyọ̀. Wọ́n wo lẹ́tà ẹ̀gbọ́n mi lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n wo Brown Card lẹ́ẹ̀kan. Àfi ọjọ́ kejì ní Àjàṣẹ́, mò ń bọ̀ lójú ọ̀nà ọlọ́dà, mo gbójú sí òsì bí mo ṣe máa ń ṣe. Àbúrò ìyàwó mi tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pariwo, “Ọ̀tún, Bùrọ̀dá!” Mo tẹ bíréèkì. Ìyá kan lórí alùpùpù, pẹ̀lú agbọ̀n tòmátì lẹ́yìn, ti ọ̀nà eléèpẹ̀ jáde, ó kọjá níwájú mi wẹ́rẹ́, kò tiẹ̀ yíjú.