RADFET kan ṣoṣo: ṣé ó tó láti fi ṣọ́ kámẹ́rà sátẹ́láìtì?

Sẹ́ńsọ̀Tuntun: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. A fẹ́ gbé kámẹ́rà CMOS sórí sátẹ́láìtì kékeré kan tí yóò máa yí ayé po ní gíga kìlómítà 550, tí yóò sì máa gba òkè àríwá àti ìsàlẹ̀ gúúsù pátápátá kọjá. RADFET kan ló wà lórí bọ́ọ̀dù tí yóò máa ka ìtànṣán. Ṣé ìyẹn nìkan tó? Bí àmì funfun bá sì ń yọ lórí fọ́tò, báwo la ṣe máa mọ èyí tó ń kọjá lọ àti èyí tó ti di bárakú?

Àkànjí_Píksẹ́lì: Ẹ jẹ́ ká mú ìkejì ṣáájú, òun ló rọrùn. Ẹ ya fọ́tò òkùnkùn mẹ́wàá léraléra, lórí òkun tí ilẹ̀ ti ṣú, tí kò sí òṣùpá. Gígùn àkókò tí sẹ́ńsọ̀ fi lajú kò gbọdọ̀ yí padà, bẹ́ẹ̀ náà ni ìgbóná rẹ̀. Àmì tó bá yọ nínú ẹyọ kan, tí mẹ́sàn-án yòókù ò ní in, prótọ́ọ̀nù (horo ìtànṣán kan) tó ń kọjá ló fà á, ẹ fi sílẹ̀. Èyí tó bá yọ nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, átọ́ọ̀mù sílíkọ́nì ibẹ̀ ló ti yẹ̀ nípò. Ẹ kọ ipò rẹ̀ sínú fáìlì àlébù.

Ẹ má fi ìgbóná ṣeré o! Bó bá fi bíi 6 sí 8°C gbóná sí i, iná tó ń jò nínú òkùnkùn á di ìlọ́po méjì. Ẹni tó bá fi fọ́tò 20°C wé ti 5°C á máa pariwo ìtànṣán, ooru lásán sì ni.

Ìyá_Tẹlimẹ́tírì: Òótọ́ ni. Ti RADFET ló ku díẹ̀ káàtó. Àròpọ̀ ìtànṣán tí oxide (awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí iná kì í gbà kọjá) inú rẹ̀ gbà ló ń kà; sílíkọ́nì tó yẹ̀ nípò kò kàn án. Ẹ wo Chandra, awò ìràwọ̀ X-ray tí NASA gbé lọ ní July 1999. Prótọ́ọ̀nù tí agbára wọn kò ju bíi 100 keV lọ (keV ni ìwọ̀n agbára; 1,000 keV ni MeV kan) ta lára dígí rẹ̀, wọ́n sì já lé kámẹ́rà ACIS lórí nígbà tó ń gba inú bẹ́líìtì ìtànṣán ayé kọjá. EPHIN, ẹ̀rọ tó yẹ kó máa ṣọ́nà, kì í rí èyí tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Nínú ṣíìpù mẹ́wàá, mẹ́jọ ló fara gbá a. Méjì tó kẹ́yìn sí dígí bọ́, torí prótọ́ọ̀nù ti kú sínú sílíkọ́nì kó tó dé ibi tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń gbà. Látìgbà náà, wọ́n máa ń gbé ACIS kúrò lójú dígí kí wọ́n tó wọ bẹ́líìtì.

Nítorí náà, kámẹ́rà yín, ṣé lẹ́ńsì ni àbí dígí? Gíláàsì lẹ́ńsì ń dá prótọ́ọ̀nù kéékèèké dúró. Aluminiọ̀mù mìlímítà 2 náà á dá èyí tí kò tó 20 MeV dúró. Bó bá jẹ́ dígí, ẹnu ọ̀nà ṣí sílẹ̀ gbayawu nìyẹn. Ẹ fi RADFET kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ sẹ́ńsọ̀ gan-an, kì í ṣe sẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì, kí ẹ sì máa kà á ní ìwọ̀n iná tí ooru kì í yí padà. Fọ́tò òkùnkùn ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni yóò sọ ìyókù.

OníFPGA: Mẹ́mọ́rì náà ń ṣọ́ ìtànṣán lọ́fẹ̀ẹ́. EDAC, ìyẹn ètò tó ń wá àṣìṣe nínú mẹ́mọ́rì, ń tún bíìtì kan ṣe, ó sì ń kígbe bí méjì bá bàjẹ́ nínú ọ̀rọ̀ mẹ́mọ́rì kan. Bí ẹ bá pẹ́ kí ẹ tó ka mẹ́mọ́rì já láti tún àṣìṣe inú rẹ̀ ṣe, ẹyọ kan á di méjì. Ẹ kọ àkókò àti ipò sátẹ́láìtì sí ẹ̀gbẹ́ àṣìṣe kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tò wọ́n sórí máàpù. Brazil àti Òkun Àtìláńtíìkì gúúsù ni wọ́n máa pọ̀ sí jù, torí ibẹ̀ ni òòfà ayé ti rẹlẹ̀. Bí wọn ò bá pọ̀ síbẹ̀, ẹ yẹ iná àti software wò kí ẹ tó fẹ̀sùn kan oòrùn. Àwọn tó bá kó jọ sí òkè àríwá àti gúúsù, ẹ fi wé iye prótọ́ọ̀nù 10 MeV sókè tí àwọn sátẹ́láìtì GOES ti Amẹ́ríkà ń kà: bó bá ti kan 10 pfu (ìwọ̀n bí prótọ́ọ̀nù ṣe ń rọ́ wá tó), ìjì ìtànṣán oòrùn S1, tó kéré jù, ti bẹ̀rẹ̀.

Sẹ́ńsọ̀Tuntun: Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé ká wá máa pa kámẹ́rà bó bá dé orí Brazil?

OníFPGA: Pípa á kò ní kí sílíkọ́nì má yẹ̀. Nítorí latch-up lẹ fi lè pa á: iná á fò sókè lójijì, kò ní wálẹ̀ mọ́, àfi kí ẹ gé e kíá kí ṣíìpù tó jóná. Ẹ pa kámẹ́rà tí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí EDAC àti RADFET máa ṣiṣẹ́.