Ojú mi pọ́n, ó ń dùn mí, lẹ́ńsì ni mo sì ń lò: ta ló ti rí irú rẹ̀ rí?

Fọláṣadé: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ojú ọ̀tún mi ti ń dà mí láàmú fún ọjọ́ 17. Ó pọ́n, omi ń dà níbẹ̀, n kò lè wo iná. Dókítà ní herpes ni, àrùn tí fáírọ́ọ̀sì ń fà, ó fún mi lóògùn, kò gbọ́. Lẹ́ńsì inú ojú ni mo ń lò, mo sì máa ń wọ̀ ọ́ wẹ̀.

Wálé: Àbúrò, má fi òní dọ̀la. Ohun tó ṣe mí gan-an nìyẹn. Acanthamoeba lorúkọ ẹ̀, àmíbà tó ń gbé inú omi àti ilẹ̀, omi ẹ̀rọ pàápàá. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ lẹ́ńsì, ibẹ̀ ló ti ń wọ cornea, ìyẹn awọ tó mọ́ gaara níwájú ẹyinjú. Ó jọ herpes débi pé wọ́n sábà máa ń ṣì í mú. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni wọ́n fi wo herpes fún èmi. Mò ń forí gbá ògiri lóru, dókítà ń sọ pé ojú kàn pọ́n díẹ̀ ni. Tí ìrora bá ti ju ohun tí wọ́n ń rí lọ, kí ara ẹni fu.

Yọ lẹ́ńsì méjèèjì, ṣùgbọ́n má sọ wọ́n nù! Kó wọn dání pẹ̀lú ike wọn, wọ́n lè rí kòkòrò náà níbẹ̀. Lọ síbi tí dókítà cornea wà, kí o sì béèrè lẹ́nu ara rẹ bóyá Acanthamoeba ni, kí wọ́n ha ojú náà díẹ̀ fún àyẹ̀wò.

Ìyá Ìbejì: Nọ́ọ̀sì ojú ni mí. Òótọ́ ni Ẹ̀gbọ́n Wálé sọ. Fọláṣadé, ṣé sítẹ́rọ́ìdì, oògùn tó ń mú wíwú rọlẹ̀, wà nínú ohun tí wọ́n ní kí o máa kán? Tó bá wà, sọ fún wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò. Ó lè mú kí ojú rọlẹ̀ fúngbà díẹ̀, kí kòkòrò sì máa jẹun lọ lábẹ́lẹ̀.

Táíwò: Èmi o, omi gbígbóná tó ti tutù ni mo ń po iyọ̀ mọ́, òun ni mo fi ń fọ lẹ́ńsì tèmi. Kò tíì ṣe mí ní nǹkan kan.

Ìyá Ìbejì: Táíwò, dákun, dà á nù lónìí. Omi iyọ̀ àpòlọ́wọ́ wà lára ohun tó kó àìsàn yìí ran àwọn tó ń lo lẹ́ńsì ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1980 sí 1989. Omi lẹ́ńsì tí wọ́n ń tà ni kí o lò, tuntun lójoojúmọ́, má bu omi ẹ̀rọ kún un.

Fọláṣadé: Báwo ni ìtọ́jú ẹ̀ ṣe rí?

Ìyá Ìbejì: Oògùn apakòkòrò, chlorhexidine tàbí PHMB (polihexanide) 0.02%, ni wọ́n sábà ń kán, wákàtí kọ̀ọ̀kan, tọ̀sán-tòru fún ọjọ́ méjì, lẹ́yìn náà ní ọ̀sán nìkan, kí wọ́n tó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Oṣù mélòó kan ni, ó lè pé ọdún. Tí nǹkan bá le fún kòkòrò yìí, ṣe ló máa ń ká jọ sínú èèpo líle tí oògùn kì í tètè wọ̀. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, wọ́n fọwọ́ sí polihexanide 0.08% lọ́dún 2024 fún àìsàn yìí gan-an.

Fọláṣadé: Lóru ńkọ́, ẹ̀gbọ́n? Iṣẹ́ ńkọ́?

Wálé: Aago fóònù ni mo tẹ̀, ìyàwó mi ń kán an tí oorun bá gbé mi lọ. Gba ìwé lọ́wọ́ dókítà fún ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lóṣù kẹta, ìka ọwọ́ mi nìkan ni mo ń rí. Mo fi oògùn sílẹ̀ lóṣù kẹjọ, àpá kù. Lẹ́ńsì líle (ẹ má rẹ́rìn-ín) ló jẹ́ kí n tún lè kàwé. Mo bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n pààrọ̀ cornea, dókítà ní kí kòkòrò kọ́kọ́ kú tán, kó má baà wọ tuntun náà.

Fọláṣadé: Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ha á ní ìjẹrin, èsì dé lónìí: òun náà ni. Dókítà ní mo tètè dé. Aago mi ti dún, ẹ jẹ́ n lọ kán ti agogo mẹ́ta òru.