Òdúndún inú ìkòkò: báwo la ṣe ń fi ṣe omi ẹ̀rọ̀ tí kò ní bàjẹ́?

Àdùkẹ́ Ẹ̀yìnkùlé béèrè pé:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin àgbà. Òdúndún ti pọ̀ nínú ìkòkò lẹ́yìnkùlé, a sì fẹ́ fi ṣe omi ẹ̀rọ̀, tí a ó fi fọ orí, tí a ó sì wọ́n sílé, torí àìsùn àti ìjà ojoojúmọ́. Ohun tí à ń gbọ́ kò bára mu rárá. Àwọn kan ní ká fi ẹ̀rọ ìlọta lọ̀ ọ́, àwọn kan ní ká sè é bí àgbo ibà. Àwọn kan ní òdúndún nìkan ti tó, àwọn mìíràn ní bí tẹ̀tẹ̀ àti rinrin kò bá sí níbẹ̀, omi lásán ni. Ewé mélòó sí omi mélòó? Ṣé dandan ni ọfọ̀? Ṣé a lè mu nínú rẹ̀? Kí ló ń mú kí omi náà máa rùn kí ilẹ̀ tó mọ́, kí òrí tí a fi sí i sì léfòó sójú rẹ̀ ní kókó kókó? Ẹ dákun, ọ̀kan ṣoṣo ló kù: ṣé ó ń lé àjẹ́ lóòótọ́?

Ìyá Eléwé Bódè:

Àdùkẹ́, kí a tó dé orí omi, ẹ wo ewé yẹn dáadáa. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń gbìn sínú ìkòkò tí wọ́n ń pè ní òdúndún, àbámọdá ni. Bí ewé bá já sílẹ̀ tí ọmọ wẹ́wẹ́ ń hù létí rẹ̀, tí òdòdó rẹ̀ sì dorí kodò bí agogo, àbámọdá nìyẹn. Òdúndún kì í hu ọmọ létí ewé. Òdòdó tirẹ̀ nàró, ó kéré, ó ya mẹ́rin lẹ́nu, àwọ̀ rẹ̀ sì máa ń jọ ti ọsàn tó pọ́n. Àbámọdá ní iṣẹ́ tirẹ̀: kí ohun tí a bá dá lábàá lè ṣẹ ni wọ́n ń fi í ṣe. Bó bá bọ́ sínú omi ẹ̀rọ̀, kò ní bà á jẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun la ránṣẹ́ sí.

Ní ti tẹ̀tẹ̀, tẹ̀tẹ̀ àbáláyé tí kò lẹ́gùn-ún ni kí ẹ wá. Tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún ní ibi tí wọ́n ti ń lò ó, kì í ṣe lórí èèyàn tó ń wá oorun. Rinrin ni èyí tó máa ń hù létí kànga àti lẹ́bàá ògiri tí omi ń kàn. Igi rẹ̀ mọ́ gaara, òórùn rẹ̀ sì máa ń ta imú díẹ̀ bí a bá fọwọ́ rún un.

Fún orí ẹnìkan: òdúndún ewé mẹ́sàn-án fún ọkùnrin, méje fún obìnrin, tẹ̀tẹ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan, rinrin ẹ̀kúnwọ́ méjì, nítorí rinrin kò lára, tí a bá gbo ó, ó di omi lọ. Omi tútù lítà méjì. Omi òjò ló dára jù, omi kànga tẹ̀ lé e. Bó bá jẹ́ omi páìpù tí wọ́n fi oògùn apakòkòrò sí ló wà, ẹ gbé e kalẹ̀ láìdé di ọjọ́ kejì. Fún gbogbo ilé, ẹ sọ ohun gbogbo di ìlọ́po mẹ́ta.

Àárọ̀ kùtù, kí oòrùn tó mú, ni kí ẹ já ewé. Ẹ bọ omi díẹ̀ sí ìdí rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ fẹ́ lò ó fún. Ewé ìsàlẹ̀ ni kí ẹ mú, ẹ fi orí rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ṣan iyẹ̀pẹ̀ kúrò. Ẹ fi tẹ̀tẹ̀ ṣáájú nínú igbá tàbí abọ́ funfun, torí òun ló le jù. Ẹ fọwọ́ gbo ó pẹ̀lú omi ìwọ̀n ife kan títí yóò fi rọ̀. Ẹ da òdúndún sí i. Yóò máa yọ̀ lọ́wọ́, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Rinrin ni ẹ ó fi kádìí. Ẹ wá máa bu omi tó kù sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì.

Ibi òrí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Òrí kì í yọ́ nínú omi tútù. Bí ẹ bá sọ ọ́ sínú omi tí ẹ ti sẹ́ tán, kókó ni yóò dì. Ẹ mú ìwọ̀n orí àtàǹpàkò kan, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pa á títí yóò fi rọ̀ pátápátá, kí ẹ sì fi ọwọ́ yẹn náà gbo ewé. Ara ewé ni yóò bá wọnú omi. Ẹfun náà ìwọ̀n bẹ́ẹ̀, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná kí ẹ tó bù ú sí i. Ẹ má lo ṣọ́ọ̀kì iléèwé o. Kì í ṣe ẹfun.

Ẹ̀rọ ìlọta? Rárá o. Rọ́bà ìsàlẹ̀ ife rẹ̀ kì í fi ata sílẹ̀ bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó, ata sì ni ìdàkejì gbogbo ohun tí à ń wá. Yóò tún lọ ewé kúnná débi pé kò ní ṣeé sẹ́, ìfófòó yóò sì bo gbogbo rẹ̀. Èyí tí ẹ bá sì sè, àgbo ni, kì í ṣe ẹ̀rọ̀.

Òórùn yẹn kò ṣẹ̀yìn pàǹtí ewé tó kù nínú omi, àti ike tí wọ́n dé pinpin síbi tó móoru. Ewé rírà ni. Ọjọ́ tí ẹ bá gbo ó ni kí ẹ lò ó tán. Ìyókù, ìdí igi ni kí ẹ dà á sí, kì í ṣe inú gọ́tà.

Ọmọ Awo Òkè-Àdó:

Ìyá ti sọ ti ọwọ́, ẹ jẹ́ ká sọ ti ẹnu. Ọfọ̀ kò ní láti gùn. Ọ̀nà mẹ́ta ni: pe ewé lórúkọ, sọ ìwà tí a mọ̀ ọ́n mọ́, kí o wá fi ìwà náà bẹ̀bẹ̀ fún ara rẹ. Àpẹẹrẹ:

*Òdúndún, ìwọ lo ní kí ara ó dẹ̀ mí.*
*Tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́, kí n má tẹ́ láwùjọ ẹgbẹ́ mi.*
*Rinrin ló ní kí ilé yìí tutù rinrin.*
*Ẹ̀rọ̀ ni ti ìgbín, kó jẹ́ ẹ̀rọ̀ ni tèmi.*

Bí a bá ti ń gbo ewé ni à ń pè é, kì í ṣe lẹ́yìn tí a bá ti sẹ́ ẹ tán. Ẹni tí kò gbọ́ ọfọ̀ lè fi àdúrà ẹnu ara rẹ̀ rọ́pò, àmọ́ kó dárúkọ ewé. Iṣẹ́ tí a kò rán ewé, kò ní jẹ́ ẹ.

Iwájú orí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bù ú, kó ṣàn lọ sí ìpàkọ́. Ẹ má fi ọṣẹ tẹ̀ lé e. Ẹ fi aṣọ funfun wé orí sùn. Ẹni tó bá fẹ́ mú ọjọ́ rẹ̀, ọ̀sẹ̀ Ọbàtálá ló bọ́ sí i jù, èyí tó máa ń padà ní ọjọ́ karùn-ún ní ìkà Yorùbá. Iyọ̀, ẹmu àti epo pupa kò gbọdọ̀ kan omi náà. Ti ilé, ẹ gbálẹ̀ ná, kí ẹ máa wọ́n ọn láti yàrá inú lọ́hùn-ún bọ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà. Bí ilé bá ní ojúbọ Èṣù, epo pupa ni ẹ̀rọ̀ tirẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí àdín débẹ̀ láé.

Ní ti àjẹ́: omi ẹ̀rọ̀ kì í lé ẹnikẹ́ni. Ó ń tu ni lójú ni. Àwọn ìyá wa, a kì í fi ogun bá wọn sọ̀rọ̀ nídìí ewé yìí. Èyí tó ń bà á jẹ́ jù ni kí èèyàn rò pé òun yóò fi agbára kún un, kó wá da ataare tàbí ewé iná mọ́ ọn. Ewé gbígbóná ń ṣi nǹkan nídìí, ewé tútù ń mú un jókòó. Ẹ kì í rán àwọn méjèèjì níṣẹ́ kan náà nínú igbá kan. Bó bá jẹ́ pé ọwọ́ ayé ni ẹ ń fura sí, ẹ lọ dá Ifá kí ẹ lè mọ ohun tí wọ́n ń béèrè, omi ẹ̀rọ̀ yóò wá tẹ̀ lé ẹbọ.

Ará Salvador:

Ọ̀rọ̀ gbígbóná àti tútù yẹn ṣì dúró ní Brazil títí dòní. Nínú ilé Candomblé, ìyẹn ẹ̀sìn òrìṣà tiwọn níbẹ̀, ewé *gún* (gbígbóná) àti ewé *ẹ̀rọ̀* (tútù) ni wọ́n ń pín in sí. Saião tàbí folha-da-costa ni wọ́n ń pe òdúndún, rinrin sì ni oriri, Oxalá, ìyẹn Ọbàtálá, ló sì ni òdúndún lọ́dọ̀ tiwọn náà. Pierre Verger, ayafọ́tò ará Faransé tó gba orúkọ Fátúmbí, tó sì kú ní Salvador ní 1996, ló kó ọ̀pọ̀ irú ọfọ̀ wọ̀nyí jọ lẹ́nu àwọn babaláwo wa, tó fi hàn bí orúkọ ewé àti ọ̀rọ̀ inú ọfọ̀ ṣe ń fa ara wọn.

Ní Kúbà, omiero ni wọ́n ń pè é. Níbẹ̀, èèpo ẹyin lílọ̀ ti gba ipò ẹfun, òrí kòkó sì ti gba ipò òrí. Ẹni tó bá wà lókè òkun tí kò rí òrí, òrí kòkó ṣeé lò, ṣùgbọ́n ó le ju òrí lọ. Ẹ rọra gbé e sórí omi gbígbóná kó rọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀yin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, kalanchoe olódòdó pupa tí wọ́n ń tà ní súpámákẹ́ẹ̀tì kì í ṣe òdúndún o. Mọ̀lẹ́bí ni wọ́n, Madagásíkà ni ti súpámákẹ́ẹ̀tì ti wá. Òdúndún gidi kò fẹ́ yìnyín. Ojú fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀ ni kí ó wà, omi kì í sì í kàn án àyàfi bí ilẹ̀ rẹ̀ bá gbẹ. Bí ẹ bá gé ẹ̀ka láti gbìn, ẹ jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ gbẹ fún ọjọ́ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò jẹrà.

Elégbòogi Tòótọ́:

Kò sẹ́ni tó tíì fèsì sí mímu. Ẹ má mu ún. Òdúndún àti àbámọdá ní oró kan tó ń mú ọkàn lù ségesège. Òdòdó wọn ló le jù. Irú oró yìí ti pa màlúù ní Ọsirélíà àti ní Gúúsù Áfíríkà. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá máa ń fi ewé òdúndún ra iná, kí wọ́n fún ẹ̀kán rẹ̀ díẹ̀ fún ọmọ tó ń wúkọ́, àmọ́ ìyàtọ̀ ńlá ló wà láàárín ẹ̀kán mélòó kan àti ife omi ẹ̀rọ̀. Ẹni tó ń lo oògùn ọkàn àti aláboyún kò gbọdọ̀ dán an wò rárá. Ẹ sì má jẹ́ kí ewúrẹ́ dé ìdí ìkòkò yẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ fi omi ìgbín sí i, ìdí ìkarahun ni wọ́n ń fọ́ kí omi rẹ̀ ro sínú igbá. Ìgbín tútù lè ní aràn tó máa ń ti ara eku wọ̀ ọ́, tó sì lè dé ọpọlọ èèyàn. Nítorí náà, kó má kan ojú tàbí ẹnu, ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Omi tó bá ní ìgbín nínú ló ń tètè rùn jù. Kí ẹ lò ó láàárín wákàtí méjì mẹ́ta. Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà, ìjọba yín kò gba ìgbín ńlá ilẹ̀ Áfíríkà láàyè láìsí ìwé àṣẹ. Ní Florida, wọ́n kéde ní 2021 pé àwọn ti pa á run, ó tún yọjú ní 2022. Ẹ fi òrí àti ẹfun mọ, ó ti tó.

Àdùkẹ́ Ẹ̀yìnkùlé:

Ẹ ṣeun, ẹ kò ní ṣìnà o. Mo lọ wo òdòdó rẹ̀, ó nàró, kò dorí kodò. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá wá dé tí rinrin kò sí ńkọ́?

Ìyá Eléwé Bódè:

Ẹ má ra èyí tí wọ́n sá gbẹ. Rinrin gbígbẹ kò lómi, kò sì níṣẹ́. Ẹ fi òdúndún méjì sí i kún ti tẹ́lẹ̀. Bí òjò bá tún ti ń rọ̀, ẹ wú rinrin díẹ̀ tòun ti iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀, ẹ gbé e sínú abọ́ lábẹ́ táǹkì omi, níbi tí oòrùn kì í dé. Irúgbìn rẹ̀ yóò máa dà sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ ṣáà máa bu omi sí i nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.