"Ó spacious gan-an ni": ẹ̀yin ará Ìkòròdú, kí lẹ bá níbẹ̀ nígbà tí ẹ dé inú ilé?

Abẹ́ní Ìgbógbó
Ẹ kú ojúmọ́ o. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ilé mẹ́rin ni mo ti wò láti ìgbà tí mo ti ń wá míní-fúláàtì, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni éjẹ́ńtì pè ní spacious. Èyí tí mo wò lánàá ní Àgíríìkì, mo na apá mi méjèèjì nínú yàrá, díẹ̀ ló kù kí ọwọ́ mi kan ògiri lọ́tùn-ún lósì. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti san owó kí wọ́n tó mú mi lọ wo ilé. Kí ni spacious yìí túmọ̀ sí gan-an? Ẹ sọ tiyín fún mi.

Bàbá Kòròpe
Kò sí ilé tí kì í fẹ̀ kí ẹrù tó wọ ibẹ̀.

Káfíńtà Odógunyàn
Òótọ́ ni Bàbá Kòròpe sọ. Mo kan bẹ́ẹ̀dì ẹsẹ̀ bàtà 6 by 6 fún tọkọtaya kan ní Ìtamága. Wọ́n ní kí n má ṣe ìyọnu, pé éjẹ́ńtì ti ní yàrá náà spacious. Mo gbà wọ́n gbọ́, mi ò lọ wọ̀n ọ́n. Àfi ìgbà tí a gbé e débẹ̀ tí mo rí i pé 10 by 10 ni yàrá. Ẹ má gbàgbé pé fóòmù nìkan ló jẹ́ 6 by 6 o. Tí ẹ bá fi pákó ìgbérí àti ti ẹ̀gbẹ́ kún un, ó ti ń lọ sí 7. Nígbà tí a tò ó tán, ilẹ̀kùn kò ṣí dé ìdajì mọ́. Ìyàwó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, kò sọ nǹkan kan, ó kàn ń wo wọ́ọ̀dúróòbù rẹ̀ tó dúró sí kọ́rídọ̀. Ojú tì mí. Mo tú u, mo dín in kù sí 4 àbọ̀ by 6. Láti ọjọ́ náà, tépù ló ń ṣáájú mi wọ yàrá.

Abẹ́ní Ìgbógbó
Ẹ̀gbọ́n, ta ló wá san owó igi tí ẹ gé dànù?

Káfíńtà Odógunyàn
Èmi ni.

Tíṣà Ìmọ̀tà
Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ. Ibi tó láyè ni spacious, tí èèyàn to ẹrù rẹ̀ síbẹ̀ tán, tó ṣì rí ibi yíra sí. Láti inú spatium ti èdè Látìn ló ti wá, ìyẹn àyè, ibẹ̀ náà ni space ti jáde. Ibi tí èèyàn ń wọ̀ la máa ń lò ó fún jù: yàrá, gbọ̀ngàn, inú mọ́tò, ọgbà. Tó bá jẹ́ ṣòkòtò tàbí báàgì, roomy ló dùn ún gbọ́ jù. A kì í lò ó fún èèyàn o. Ọmọ kan kọ ọ́ nínú àròkọ rẹ̀ pé "My uncle is spacious", nítorí pé àbúrò bàbá rẹ̀ sanra. "c" ni ẹ kọ sí àárín rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé "t" ló wà nínú spatial. Ẹ sì ṣọ́ra fún specious. Ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn: ohun tó jọ òótọ́ lójú, tí kì í ṣe òótọ́.

Ọmọ Ṣágámù Road
Háà! Tíṣà, mo rí pátákó kan tí wọ́n kọ "specious 2 bedroom flat" sí. Ẹni tó kọ ọ́ ti jẹ́wọ́!

Bàbá Kòròpe
Ẹ pa mí o 😂😂

Ìyá Ìbejì
Tíṣà, ẹ ṣé, ṣùgbọ́n ohun tó tóbi lọ́tọ̀, ohun tó láyè lọ́tọ̀. Yàrá 12 ló wà nínú ilé bàbá wa. Ó tóbi, kò láyè, nítorí ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin là ń sùn nínú yàrá kan. Yàrá tí mo bí ìbejì sí kò fẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n ó láyè: fèrèsé méjì, ẹní kan, àpótí kan. Ọ̀nà ló ń gbòòrò, ojú ọ̀sà ní Ìpakòdò ló gbòòrò. Gbogbo èyí ni Òyìnbó ń kó sínú spacious.

Tíṣà Ìmọ̀tà
Mà, ẹrù kọ́ ló ń sọ bóyá ilé spacious. Ilé tí ẹrù kún inú rẹ̀ ṣì lè jẹ́ spacious tí a bá kó o jáde.

Ìyá Ìbejì
Ta ló fẹ́ kó ẹrù rẹ̀ jáde kó tó gbádùn ilé tó sanwó rẹ̀?

Ọmọ Ṣágámù Road
Ìyá Ìbejì jàre. Bí kọ́ńdọ́ dánfó ṣe ń ṣe wá ní Kẹ́tu náà nìyẹn. A ti jókòó mẹ́rin síbi tó yẹ kí èèyàn mẹ́ta wà, ó ṣì ń pariwo pé "Ó láyè, ẹ sún mọ́ra!"

Dúró Gbérigbé
Ilẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ní háàfù púlọ́ọ̀tì "spacious". 60 by 60 ni mo rò pé mo rà. Nígbà tí sọ̀fíyọ̀ dé, 30 by 120 ni. Ilé mi gùn bí kọ́rídọ̀, mọ́tò tó bá wọlé, ẹ̀yìn ló máa fi jáde.

Káfíńtà Odógunyàn
Háàfù ni méjèèjì, ọ̀gá. Púlọ́ọ̀tì odidi jẹ́ 60 by 120. Bí wọ́n ṣe là á ló yàtọ̀.

Dúró Gbérigbé
Kí wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ kí n tó sanwó.

Abẹ́ní Ìgbógbó
Mo ti dé láti ibi ìkarùn-ún. Mo bi éjẹ́ńtì pé ẹsẹ̀ bàtà mélòó, ó ní "Ó spacious, ẹ wá wò ó ná." Mo yọ tépù. Yàrá jẹ́ 12 by 11.

Káfíńtà Odógunyàn
Ibo ni ilẹ̀kùn ń ṣí sí?

Abẹ́ní Ìgbógbó
Síta, sí kọ́rídọ̀.

Káfíńtà Odógunyàn
6 by 6 á wọ̀ ọ́, wọ́ọ̀dúróòbù náà á wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wá wọ̀n ọ́n fúnra mi.