Ọ̀rọ̀ eégbọn ajá mi ti yanjú o

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ rántí eégbọn tó bo etí ajá mi n'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí, tí àwọn kan ní kí n da kẹrosíìnì sí i? Mi ò dà á o, ó ń bó ara ajá ni. Dókítà ẹranko fún un ní fluralaner, oògùn jíjẹ tó ń ṣiṣẹ́ tó ọ̀sẹ̀ 12, àmọ́ eégbọn gbọ́dọ̀ mu ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ kó tó kú, torí náà tẹ́ ẹ bá ṣì rí díẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ẹ má jáyà, àwọn tó wà láàrin ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ gbẹ, wọ́n ń já bọ́ fúnra wọn. Mo tún fọ gbogbo ojú ihò ara ògiri, ibẹ̀ ni wọ́n ń yé sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ológbò, ẹ jọ̀ọ́, oògùn ajá tó bá ní permethrin (èròjà apakòkòrò kan) nínú, ẹ má fi kan ológbò rárá, ó lè pa á. Ẹ ṣé gan-an ni.