Èló ló yẹ kí n gbà lórí bèbí aláṣọ tí mo fọwọ́ rán?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Yábàá ni mo ń gbé, bèbí aláṣọ ni mo máa ń fọwọ́ rán. Oníbàárà mi kan fi fọ́tò ajá wọn tó kú ránṣẹ́, ó ní kí n rán irú rẹ̀ gẹ́lẹ́ fún ọmọ òun. Mo ra aṣọ onírun ní Balógun, mo ra òwú ìrọ̀rí ní Tejúoṣó. ₦9,500 ni gbogbo rẹ̀, láìka owó ọkọ̀. Ọmọ ọdún 2 ni ọmọ náà, kó má baà já ojú rọ́bà gbé mì, òwú ìránṣọ ni mo fi ṣe ojú ajá náà. Etí ọ̀tún tó tẹ̀ sílẹ̀ yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tú u! Wákàtí 22 ni mo lò lórí ẹ̀.

A ò dúnàá-dúrà kí n tó bẹ̀rẹ̀, àṣìṣe mi nìyẹn. Nígbà tí mo pe ₦25,000, ó ní ti Ṣáínà ò tó ₦8,000. Ó dùn mí gan-an, torí irú ajá yẹn ò sí lọ́jà kankan.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ jọ̀ọ́, ṣé wákàtí lẹ fi ń ṣírò owó iṣẹ́ yín? Ṣé ẹ máa ń gba àsansílẹ̀ kẹ́ ẹ tó gé aṣọ? Èló lẹ̀yin ì bá gbà lórí èyí?