Àbọ̀ ọ̀rọ̀ Kent tí mo bèèrè níjọ́sí

Ẹ kú ìdúró o. Mo ní kí ẹ sọ ibi tí mo lè mú màámi lọ ní Kent nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ dárúkọ Ightham Mote, ilé àtijọ́ kan, àti ṣọ́ọ̀ṣì Tudeley, a ti dé méjèèjì. Ightham Mote dáa, omi yí ilé ọ̀hún ká, ilé ajá ńlá kan tiẹ̀ wà lágbàlá tí òfin ò gbà kí wọ́n wó (òyìnbó ṣá!). Àmọ́ Tudeley ni baba ẹ̀: fèrèsé 12 onígíláàsì aláràbarà, Marc Chagall, ayàwòrán ńlá nì, ló ṣe gbogbo ẹ̀, ti 1967 ló kọ́kọ́ dé, wọ́n fi ń rántí Sarah, ọmọge kan, ọmọ olówó, tó bómi lọ ní 1963, ẹ ó rí i nísàlẹ̀ gíláàsì búlúù yẹn nínú òkun, àkàsọ̀ sì wà lókè tó lọ bá Jésù. Màámi ní "olówó náà ń sunkún ọmọ". Ẹ ṣeun gan-an, mo ti ti ìbéèrè mi pa nìyẹn.